Ọ̀fun mi ń dí, ohùn mi ń há, ṣùgbọ́n àyà kì í ta mí: ṣé omi kíkan inú náà nìyí?

Tíṣà Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 43 ni mí, kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí l'Óṣogbo. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí ọ̀fun mi kò ti gbádùn. Tí mo bá jí láàárọ̀, ohùn mi á ti há bíi ti ọkùnrin, ó di ìgbà tí mo bá mu omi gbígbóná bí ife méjì kó tó là. Kí n tó pe orúkọ àwọn ọmọ tán nínú rẹ́jísítà, mo ti ṣe hẹ̀n-hẹ̀n-hẹ̀n tó ìgbà mẹ́wàá, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ọba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ̀yìn sí wọn, mò ń kọ nǹkan sójú pátákó, ni ọmọ kan bá sín mi jẹ: hẹ̀n-hẹ̀n-hẹ̀n. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún.

Ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan há síbi gògóńgò mi. Tí mo bá gbé itọ́ mì, ó wà níbẹ̀. Tí mo bá gbé òkèlè iyán mì, iyán á lọ wọ́ọ́rọ́, kò ní bá nǹkan kan pàdé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun kì í tán lọ́fun mi. Ìgbà mìíràn lóru, omi kan á ṣàdédé gòkè wá sẹ́nu mi, á kan bí omídùn, màá gbé e mì padà, màá sùn lọ.

Mo ti mu oògùn ikọ́ tó ìgò mẹ́rin. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ti ta oògùn apakòkòrò fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun kò fẹ́ dẹ́rù bà mí, àmọ́ ẹni tí nǹkan bá ń wá sẹ́nu rẹ̀ lóru, tó sì ń gbé e mì, oúnjẹ ojú oorun ni wọ́n ń fún un jẹ. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó wá ní kí n lọ wádìí omi kíkan tó máa ń ti ikùn gòkè wá sọ́fun. Èyí gan-an ni kò yé mi. Àyà kì í ta mí. Inú kì í run mí. Mi ò lọ́gbẹ́ inú rí. Ṣé ásíìdì lè máa gòkè wá sọ́fun èèyàn kó má sì dùn ún? Ẹni tó bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Onígàrí:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà. Aago mélòó lẹ ń jẹun alẹ́?

Tíṣà Òṣogbo:
Ẹ ṣé mà. Mo máa ń ṣe lẹ́sìn fáwọn ọmọ títí di aago méje. Kí n tó délé, kí n tó dáná, ó ti di aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ẹ̀bà ni lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá sì ti rẹ̀ mí jù, mo kàn máa ń mu gàrí. Aago mẹ́wàá, mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jí.

Ìyá Onígàrí:
Ẹ̀n-ẹ́n. Gàrí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, mi ò ní fẹ́ ba ọjà ara mi jẹ́. Ṣùgbọ́n gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tí èèyàn da ṣúgà àti ẹ̀pà sí, tó mu ún ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, tó wá na gbalaja ní aago mẹ́wàá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gàrí ń wú. Ẹ bu omi sí i nínú abọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó. Nínú ikùn tí ẹ ti kún dẹ́nu, ibo ló máa wú gbà? Mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi pé ọ̀sán ni kí wọ́n máa mu ún. Wọn kì í gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Ọmọ Iléṣà ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí ní London. Ẹ jẹ́ kí n yára kọ èyí kí wọ́n tó pè mí.

Àbúrò yín kò purọ́, ó ṣeé ṣe. Iṣan kan wà níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọnú ikùn, ó rí roboto bí òrùka, òun ló ń pa ẹnu ikùn dé. Òmíràn tún wà lókè, nítòsí gògóńgò. Ẹ fojú kẹ́ẹ̀gì epo pupa wò ó. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ kò le, tó bá wà lóòró, kò sí nǹkan tó máa ṣe. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀, kí ẹ tó dé Gbọ̀ngán, epo ti kun gbogbo ẹrù. Tí ẹ bá wá rọ epo kún un dẹ́nu, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun lẹ ń ṣe ní aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn.

Ìdí tí kò fi dùn yín ni pé inú ọ̀nà oúnjẹ ni ásíìdì ti máa ń jó èèyàn tí àyà fi ń ta á, ó sì ní láti pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Awọ ibẹ̀ le, itọ́ tí à ń gbé mì náà sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀fun àti gògóńgò kò nírú ààbò yẹn. Ìwọ̀nba bíńtín tó bá ta sí i, ó tó láti mú un pọ́n kó sì wú. Kì í sì í ṣe ásíìdì nìkan ló ń gòkè. Pẹpísìn, tí ikùn fi ń yọ́ ẹran tí a jẹ, máa ń bá a gòkè, á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ọ̀fun á wá máa da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bo ara rẹ̀, ẹ̀yin á máa ṣe hẹ̀n-hẹ̀n kí ẹ lè kó o kúrò, hẹ̀n-hẹ̀n yẹn náà á tún máa bó gògóńgò, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tún pọ̀ sí i. Silent reflux làwọn dókítà ń pè é, torí kì í pariwo.

Ti nǹkan tó há tí iyán ń kọjá lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ká ní iyán ni kì í kọjá ni, ohun tí mo máa kọ yàtọ̀ sí èyí.

Mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ojú oorun ju báyìí lọ: nígbà tí ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, aago mélòó lẹ ń ṣínu?

Tíṣà Òṣogbo:
Aago mẹ́fà. Omi, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Kí n má purọ́, ọ̀fun mi fúyẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Mo tiẹ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Ẹ̀rí yín dúró, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà lẹ jẹun, aago mẹ́wàá lẹ sùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
😂😂😂 Àǹtí tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà pa yín. Omeprazole 20mg, ẹyọ kan láàárọ̀, ó parí. Èmi gan-an ti ń lò ó láti ọdún mẹ́ta, mi ò rí dókítà kankan. Àmọ́ kí gbogbo yín fi gàrí wa lọ́rùn sílẹ̀ o.

Ìyá Onígàrí:
Ọdún mẹ́ta! Ta ló ní kí o máa lò ó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Èmi náà ni mà.

Bàbá Ìlọrin:
Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ọmọ mi tíṣà, ṣé o ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìdí tí mo fi bi ọ́ ni pé èmi wúkọ́ fún bí oṣù mẹ́jọ, ikọ́ gbígbẹ, ọ̀fun á kàn máa rìn mí ṣáá, pàápàá lóru. Ìyàwó mi kó lọ sí yàrá kejì. Mo lá oyin, mo jẹ orógbó títí eyín mi fi pọ́n. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bàbá, kí ni orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?" Lisinopril ni. Ó ní ó máa ń fa ikọ́ fún àwọn mìíràn. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan, kò pé oṣù kan tí ikọ́ fi tán. Ìyàwó mi ti padà wá. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o, ọmọ mi. Dókítà ni kó pààrọ̀ rẹ̀.

Tíṣà Òṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an sà. Amlodipine ni tèmi, láti ọdún tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ohun tó yẹ kí èmi ti béèrè kí n tó sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Amlodipine kì í fa irú ikọ́ tí Bàbá ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn oògùn ìdílé rẹ̀ máa ń dẹ iṣan, òrùka tí mo wí yẹn náà sì lè dẹ̀ sí i. Tíṣà, ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún yín. Ẹ má dá a dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, àbúrò mi, ìwọ ló kàn. Omeprazole dára fún ẹni tí àyà ń ta. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí o jẹun tán lo tó ń gbé e mì, o ń fi owó ṣòfò: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí o tó jẹun ni. Ṣùgbọ́n ti ọ̀fun lásán yàtọ̀. Wọ́n dán an wò níbí. Àwọn 346 tí ọ̀fun wọn ń ṣe bíi ti tíṣà yìí ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní lansoprazole, ẹ̀gbọ́n-àbúrò omeprazole, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2021. Ara àwọn méjèèjì ń yá bákan náà, oògùn gidi kò fi nǹkan kan ju ayédèrú lọ. Àwọn dókítà ṣì máa ń kọ ọ́ fúngbà díẹ̀, ní pàtàkì tí àyà bá ń ta ẹni náà pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà fúnra rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ó lè dín magnesium àti fítámì B12 kù lára. Má sì já a lójijì o, torí ásíìdì á tún ru padà wá, wàá rò pé o kò lè ṣe é tì. Jẹ́ kí dókítà bá ọ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Haa. Mo ti gbọ́ mà. Lẹ́yìn oúnjẹ náà ni mo ń lò ó lóòótọ́.

Alágbo Ìsàlẹ̀:
Gbogbo gírámà yìí! Ẹ rẹ kán-ún kékeré sínú omi, ẹ mu ún, ẹ gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Tí ẹ ò bá rí kán-ún, ẹ lo sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Mo tún ní àgbo kan tí mo fi ọtí rẹ.

Bàbá Ìlọrin:
Kán-ún fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Rárá o. Iyọ̀ ni wọ́n ní kí a dín kù.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Sódíọ̀mù ló kún inú kán-ún àti sódà yẹn. Ọtí sì wà lára ohun tó ń tú òrùka náà sílẹ̀, àgbo ọlọ́tí kò lè bá a wí.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́:
Tíṣà, ohùn ni iṣẹ́ tèmi náà, mo ń kọ áltò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń ṣe yín yìí sì ti ṣe èmi náà rí. Ohun tí mo ṣe, ẹ gbọ́.

Mo kọ́kọ́ to ìrọ̀rí mẹ́ta. Kò ṣiṣẹ́. Ọrùn ló tẹ̀, ikùn ká, ó tún burú sí i. Bẹ́ẹ̀dì gan-an ni kí ẹ gbé sókè níbi orí, kí gbogbo ara láti ìbàdí fi dà gẹ̀rẹ́. Ẹ lọ bá àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ ra méjì, onínṣì mẹ́fà, ẹ gbé e dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì apá orí lé e. Ẹ fi àkísà sáàárín kó má yọ̀. Èmi kọ́kọ́ rò pé bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó, mo lọ ra onínṣì mẹ́sàn-án. Ìdájí ọjọ́ kejì, mo bá ara mi níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi wà nílẹ̀.

Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ẹ má de ìró mọ́kùn pinpin tí ẹ bá jẹun tán, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kọfí, obì, ṣokoléètì, ẹlẹ́rìndòdò, omi ọsàn, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù méjì, mo wá ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń bá mi jà. Obì ló ń bá mi jà. Kọfí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ti àwọn mìíràn lè jẹ́ òdìkejì. Ọ̀fadà pẹ̀lú ayámáṣe, ata àti epo papọ̀, ìyẹn kò ní aláìmọ̀.

Hẹ̀n-hẹ̀n yẹn ló ṣòroó fi sílẹ̀ jù. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ jáde, ẹ mu omi kékeré kan, ẹ gbé e mì pẹ̀lú agbára. Ohùn tó há, ẹ má fi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyẹn lè ni í lára ju ọ̀rọ̀ gidi lọ. Ẹ sì ra agogo fún kíláàsì yín. Ẹ̀yin àti ọmọ mélòó lẹ jọ ń pariwo?

Tíṣà Òṣogbo:
Méjìléláàádọ́ta.

Akọrin Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ra agogo.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Mo ti parí iṣẹ́, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo fẹ́ fi èyí kún un kí n tó sùn. Gbogbo wa ni à ń méfò níbí, kò sí ẹni tó wo ọ̀fun tíṣà. Ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ láìsí òtútù, ó yẹ kí dókítà etí, imú àti ọ̀fun fi kámẹ́rà wò ó. Níbí, ẹni tó bá ti pé ọdún 45 tí ohùn rẹ̀ há láìnídìí tí kò lọ, kíákíá ni wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé jẹjẹrẹ kọ́. Ẹ̀yin kò tíì pé e, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù.

Ikọ́ tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì ní Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ lọ fún wọn ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ fée. Ọ̀fẹ́ ni.

Tí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí há, tí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, tí kókó bá yọ lọ́rùn, tí etí kan ṣoṣo bá ń dùn yín láìsí nǹkan tó ṣe é, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni lórí ayélujára. Ẹni tó bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tó yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn ni àyà rẹ̀ ń fún pọ̀, ọ̀rọ̀ ọkàn nìyẹn, kì í ṣe ti ikùn.

Tíṣà Òṣogbo (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án):
Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ ṣé gan-an.

Mo kọ́kọ́ lọ fún wọn ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kò sí ikọ́ fée. Lẹ́yìn náà ni mo rí dókítà ọ̀fun. Mo dúró láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, kámẹ́rà náà kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó fín nǹkan kan sí mi nímú tó korò dé ọ̀fun, ibẹ̀ kú tipiri. Ó wá ti wáyà dúdú kan, kò nípọn ju ìgbálẹ̀ mélòó kan tí a dì pọ̀ lọ, gba ihò imú wọlé, ó ní kí n máa pe "íííí." Ó yí tẹlifíṣọ̀n náà sí mi. Mo rí ibi tí ohùn mi ti ń jáde, ó dà bí òwú funfun méjì tó ń ṣí tó ń pa dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó sì wú. Kò sí kókó, kò sí egbò. Ó ní ó jọ omi kíkan inú, ariwo tí mò ń pa fáwọn ọmọ náà sì dá kún un.

Gaviscon olómi ló kọ fún mi, kí n máa mu ún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ àti nígbà tí mo bá fẹ́ sùn. Ó ní láti ara ewéko inú òkun ni wọ́n ti ń yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó máa ń léfòó sórí oúnjẹ nínú ikùn bí ìdérí. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ká ṣì fi amlodipine sílẹ̀ ná, ká wò ó.

Ohun tó ṣòro jù ni oúnjẹ alẹ́. Mi ò lè fi lẹ́sìn sílẹ̀, owó ibẹ̀ ni mo fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tèmi. Mo wá ń dáná ní ìdájí, mò ń gbé e sínú kúlà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti fún àwọn ọmọ ní ìṣirò, màá kọjú sí ògiri, màá jẹ tèmi. Wọ́n ti mọ̀ pé ìṣirò ìgbà yẹn máa ń gùn.

Kò tíì tán o. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bá lọ ìnáwó, tí mo jẹun lóru, ohùn ọkùnrin yẹn á padà wá. Ṣùgbọ́n omi òru kò gòkè mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Agogo wà lórí tábìlì mi. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n wọ yàrá, wọ́n dúró, wọ́n wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí, wọ́n ní, "Ṣé omi ń ya wọlé níbí ni?"

Ìyá Onígàrí:
Ọpẹ́ o! Gàrí ńkọ́, tíṣà?

Tíṣà Òṣogbo:
Ọjọ́ Sátidé mà, aago kan ọ̀sán. Lórí ìjókòó.